Ìyá Onírin

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún tó kọjá, bí Ìyálóde wa ti ń wọlé pẹ̀lú idẹ lọ́rùn ọwọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí sí ìlú yìí bọ́ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì kígbe pé, “Iron Lady! Iron Lady wa!” Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ìyá wò ó títí, wọ́n ní kó dìde, wọ́n wá bi í léèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé mo ń ta irin ni?” Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà bá wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fi hàn pé kò mọ ibi tí òun ti ṣì í. Lọ́kàn tirẹ̀, oríkì tó ga jù lọ tí ènìyàn lè fi ki obìnrin aláṣẹ ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kì.

Ìdáhùn Ìyá kì í ṣe àwàdà lásán. Ní èdè wa, bí a bá pe obìnrin ní Ìyá Onírin, ọjà ló ń tà, bí Ìyá Alákàrà ti ń ta àkàrà, tí Ìyá Aláṣọ ń ta aṣọ. Orúkọ tiwa máa ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Kí ló ṣe? Ta ló ṣe é fún? Oúnjẹ ti délẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó jókòó ti ọmọ náà kó ṣàlàyé fún un, èmi náà kò sì ṣe é. Gbèsè tí mo jẹ ẹ́ ni mo ń san yìí.

Orúkọ náà ní ọjọ́ ìbí, ó sì ní ẹni tó bí i. Margaret Thatcher di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative ní oṣù kejì ọdún 1975. Ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 1976, ó sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú Kensington níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù, ó bẹnu àtẹ́ lu ìjọba Soviet, ó ní ohun ìjà ni wọ́n ń kó jọ kí wọ́n lè jẹ gàba lé ayé lórí. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, ìwé ìròyìn àwọn ọmọ ogun Soviet, Krasnaya Zvezda, fún un lésì. Sójà kan tó ń kọ ìròyìn níbẹ̀, Yuri Gavrilov, ló pè é ní obìnrin onírin. Èébú ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, obìnrin náà dìde níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Finchley, ó wọ aṣọ òde alẹ́, ó tọ́jú ojú, wọ́n ṣe irun rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ó ní kí wọ́n wá wo obìnrin onírin náà bó ti rí. Ó tún rán wọn létí Wellington, ọ̀gágun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń pè ní Iron Duke. Bí irin kò bá ba ti ọkùnrin yẹn jẹ́, kí ló máa fi ba tòun jẹ́?

Mo gbà fún un níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀tá sọ lókùúta, tó ṣa òkúta náà jọ tó fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé, kì í ṣe òmùgọ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù karùn-ún ọdún 1979, ó di olórí ìjọba, orúkọ náà sì bá a wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ẹ̀rín Finchley ti ṣiṣẹ́. Ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni pé aṣọ òde alẹ́ àti irin kò yẹ kó pàdé lára ẹnì kan. Obìnrin ló wà níta, irin ló wà nínú. Láti ara Wellington àti Bismarck ti Jámánì, tí òun náà ń jẹ́ onírin, ni wọ́n ti gé aṣọ orúkọ yìí. Ọkùnrin ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Nígbà tí obìnrin wá wọ̀ ọ́, ohun tí orúkọ náà ń sọ ni pé agbára tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti obìnrin, ó yá a ni. Irú ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ nípa Golda Meir, tó ṣe olórí ìjọba Israel láti ọdún 1969 sí ọdún 1974: wọ́n ní òun nìkan ni ọkùnrin tó wà nínú ìgbìmọ̀ Ben-Gurion. Wọ́n rò pé àwọn yìn ín.

Kí a tó nàka sí wọn, ẹ jẹ́ ká rántí pé àwa náà ń sọ “obìnrin bí ọkùnrin,” a sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín ìdùnnú lẹ́nu. Mo ti gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, mo ti gbọ́ ọ níbi òkú àgbà, mo ti sọ ọ́ rí nípa ìyá tó bí mi. Àwọn kan lára wa yóò sọ pé ọ̀rọ̀ akọ àti abo kò le tó bẹ́ẹ̀ nínú èdè wa, pé ìyàwó ilé ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ní “ọkọ mi,” pé ọkùnrin tó bá di ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń dirun bí obìnrin, kò sì sí ẹni tó ń pariwo. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, n kò tíì gbọ́ kí wọ́n fi “ọkùnrin bí obìnrin” yin ẹnikẹ́ni rí. Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyẹn.

Àwọn òrìṣà kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ọya ń fa igi tu, ó ń ṣí òrùlé, síbẹ̀ Ìyánsàn-án là ń pè é, àwọn ará Brazil sì ń pè é ní Iansã títí di òní. Ìyá ni, ìjì ni, ọ̀kan kò lé èkejì jáde. Ọ̀ṣun ń jẹ́ Ìyálóde, Ialodê lọ́dọ̀ àwọn ará Brazil. Oyè tó sọ pé òde ìlú pàápàá ní ìyá. Ẹni tó bá jẹ́ Ìyálóde kò nílò kí ẹnikẹ́ni yá a ní irin.

Thatcher ní orúkọ mìíràn kí ti irin tó dé. Ní ọdún 1971, nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ó fòpin sí mílíìkì ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ilé ìwé tó ti lé ní ọdún méje. Àwọn aráàlú sọ ọ́ ní “Milk Snatcher,” ajámílíìkìgbà, nítorí ó bá Thatcher dún pọ̀. Èébú lèyí náà, kódà ó rorò ju ti Gavrilov lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n fi ojú aláríwísí wò ó, orúkọ gidi lèyí. Ó sọ ohun tí ó ṣe. Ó sọ ẹni tí ó ṣe é sí. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ìlú yìí, bó bá gbọ́ ọ, yóò béèrè pé mílíìkì ta ni, ìtàn yóò sì bẹ̀rẹ̀. Bó bá gbọ́ “obìnrin onírin,” kò ní béèrè nǹkan kan. Ó ti rò pé òun mọ̀ ọ́n. Irin le, obìnrin náà le, ó tán. Lórí ta ni líle náà wá bọ́ sí?

Orúkọ tí kò ní iṣẹ́ nínú ló borí. Òun ni wọ́n fi pe sinimá ọdún 2011 tí Meryl Streep ti gba àmì ẹ̀yẹ Oscar. Òun ni ọ̀dọ́mọkùnrin wa kígbe. Òun sì ni obìnrin náà fúnra rẹ̀ yàn, èmi kò sì dá a lẹ́bi: bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú kí wọ́n pè mí ní alágbára àti kí wọ́n pè mí ní ẹni tó gba mílíìkì lọ́wọ́ ọmọdé, mo mọ èyí tí n óò mú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà níhìn-ín ju bí a ti rò lọ. Ní ọdún 1980, ìjọba rẹ̀ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkè òkun tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé máa san gbogbo iye tí ẹ̀kọ́ wọn ń náni. Ẹ bi àwọn bàbá yín tó wá kàwé nígbà náà ohun tí ìyẹn ṣe fún wọn. Òfin ọmọ ìlú ti ọdún 1981, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983, sọ pé bíbí ọmọ sórí ilẹ̀ yìí kò tó mọ́ láti sọ ọ́ di ọmọ ilẹ̀ yìí; wọ́n á kọ́kọ́ wo ìwé òbí rẹ̀. Àwọn ọmọ wà láàárín wa tí wọ́n bí sí ilé ìwòsàn Lọ́ńdọ̀nù, tí wọn kò gbọ́ èdè mìíràn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, tí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wọ yunifásítì ni wọ́n tó mọ̀ pé àlejò ni àwọn. Nígbà tí ayé ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fara mọ́ ìjẹníyà tó múná lórí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa, ó kọ̀, Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn sì torí èyí kọ̀ láti lọ sí ìdíje Commonwealth ní Edinburgh ní ọdún 1986. Irin náà bọ́ sí ara wa. Ó wá jẹ́ pé ọmọ ẹni tí irin bà ló ń fi irin kini.

Ẹ má sì gbà pé mo fẹ́ kí wọ́n máa bú u nìkan. Àǹtí mi kan, tó ra ilé kánsù tó ń gbé nípasẹ̀ òfin ọdún 1980, kì í jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ òdì sí i lójú òun. Títí tó fi kú, ó ní obìnrin yẹn ló sọ òun di onílé. Iṣẹ́ nìyẹn pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ onírárà tiwa ló kì í, yóò pè é ní ajámílíìkì-gbà-lẹ́nu-ọmọ, yóò pè é ní ata-ilé-kánsù-fáyálégbé, yóò sì pè é ní atìlẹ̀kùn-mọ́mọ-àlejò, nínú èémí kan ṣoṣo, kò sì ní tọrọ gáfárà. Oríkì kì í fi àbùkù pa mọ́ nítorí pé ó ń yinni. Àǹtí mi yóò gbọ́ tirẹ̀ níbẹ̀, ọmọ tí kò ní ìwé yóò gbọ́ tirẹ̀.

Ẹni tó ń sọni lórúkọ tún ṣe pàtàkì. Nílé wa, obìnrin ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Ìyàwó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò gbọdọ̀ pe ọmọ ọkọ lórúkọ àbísọ, ìbáà ṣe ìkókó ni wọ́n bá nílé, nítorí náà ó ní láti fún oníkálukú ní orúkọ àdàpè: Ìbàdíàrán, Adúmáadán, Eyínfúnjowó, Akọ̀wé. Ó ń bá wọn gbé, ó ń gbọ́únjẹ fún wọn, ó mọ ẹni tó ń dìde ní kùtùkùtù àti ẹni tó ń sùn dọ́sàn-án. Mo mọ àbúrò bàbá mi kan tí ìyá mi ń pè ní Bàbá Onílàákàyè; ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni. Àdàpè ń bọ̀wọ̀ fúnni, ó sì ń fi ọgbọ́n bá ni wí. Gavrilov ń sọ obìnrin kan lórúkọ láti ìlú òkèèrè, orí ìwé ló ti mọ̀ ọ́n. Kí ni ìbá tún rí ju líle ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ?

Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ kan tí mo kà sí iṣẹ́ ọwọ́ tó dára wé e. Nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ láti kọ owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, tí wọ́n fẹ̀hónú hàn títí tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní ọdún 1949, ìwé ìròyìn West African Pilot pè é ní abo kìnnìún Lísàbí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ro orúkọ yẹn jókòó rò ó. Abo: wọn kò fi pa mọ́ pé obìnrin ni, wọn kò sì rò pé ó yẹ kí ojú tì í. Lísàbí: akọni Ẹ̀gbá tó kó àwọn àgbẹ̀ jọ nínú ẹgbẹ́ àáró, tó sì fi ẹgbẹ́ náà gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Owó ìfipágbà lọ́jọ́sí, owó orí lọ́jọ́ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ àáró lọ́jọ́sí, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà lọ́jọ́ tirẹ̀. Orúkọ náà gbé e sí ìdílé, ó gbé e sí ìlú, ó sì sọ ìjà tó ń jà. Kò ṣeé yá fún obìnrin ìlú mìíràn; bí ẹ bá gbé e kúrò ní Ẹ̀gbá, yóò kú sọ́nà. Béère tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè é jẹ́ orúkọ ilé, ti West African Pilot jẹ́ orúkọ ojú ogun, méjèèjì sì bá a mu.

Kìnnìún tún ní ohun tí irin kò ní: ẹran ara. Ní oṣù kejì ọdún 1977, nígbà tí àwọn sójà ya bo ilé Fẹlá ọmọ rẹ̀ ní Èkó, wọ́n ju ìyá náà sílẹ̀ láti ojú fèrèsé, kò sì gbádùn mọ́ títí tó fi kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Àwọn tó ń pè é ní kìnnìún lè sunkún rẹ̀. Ní ti Thatcher, nígbà tó ń kúrò nílé ìjọba ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1990, tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú omijé lójú, ìyanu ni àwòrán náà jẹ́ fún gbogbo ayé, bí ẹni pé wọ́n rí ère tó ń sunkún. Obìnrin ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin tí àwọn ènìyàn rẹ̀ lé kúrò nídìí iṣẹ́ ni o. Kí ni ohun ìyanu níbẹ̀?

Orúkọ tó dára náà lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń pè é. Aníwúrà tí Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, ń jẹ́ ń sọ ọrọ̀ tó kó jọ nídìí òwò. Láti ìgbà tí eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti jáde ní ọdún 1970, tí wọ́n sì ń kà á nílé ìwé, odindi orúkọ rẹ̀ ti di ohun tí a fi ń bú obìnrin tó bá le. Ẹfúnṣetán kì í ṣe ẹni mímọ́, ó ní ẹrú rẹpẹtẹ, ojú wọn sì rí nǹkan. Ṣùgbọ́n Ààrẹ Látóòsà, tí wọ́n tọwọ́ rẹ̀ pa á ní ọdún 1874, òun náà kì í ṣe àdàbà. Ta ló ń pe ọkùnrin òǹrorò ní Látóòsà?

Nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó Nàìjíríà, wọ́n ń pè é ní Okonjo-Wàhálà. Mo fẹ́ràn èyí díẹ̀, nítorí ó kù díẹ̀ kó di orúkọ tó ní iṣẹ́ nínú. Ó kù kí wọ́n sọ wàhálà fún ta ni: fún ẹni tó ń jí owó ìjọba, àbí fún ẹni tó ń ra epo? Láìbéèrè yẹn, ẹ̀fẹ̀ orí ọ̀rọ̀ lásán ni. Ní Liberia, Ellen Johnson Sirleaf jẹ́ Iron Lady, ó tún jẹ́ Ma Ellen. Ti àkọ́kọ́ bá a dé ìpàdé òkè òkun, ti èkejì ló ń jẹ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà.

Ẹni tó bá ń bọ Ògún nínú wa mọ̀ pé líle kọ́ ni oyè irin. Irin tó kàn le, tí kò wọ iná, tí ewìrì kò fẹ́, tí ọmọ owú kò lù, òkúta ni. Ìgbà tó bá gbà láti rọ̀ ló ń di ọkọ́, ló ń di àdá, ló sì ń di ìbọn pẹ̀lú. A kì í ki Ògún kí a má sọ ohun tí irin rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá pe obìnrin ní irin níwájú mi, ìbéèrè tó ń wá sí mi lẹ́nu ni pé: irin wo? Èyí tó ń la ọ̀nà, àbí èyí tó ń dí i?

Ní oṣù kejì ọdún 2007, wọ́n ṣí aṣọ lójú ère Thatcher nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Idẹ ni wọ́n fi ṣe é. Obìnrin náà fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní òun ìbá fẹ́ irin, ṣùgbọ́n idẹ náà tó, kò kúkú ní í dípẹtà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ. N kò ní sọ pé Ọ̀ṣun, ẹni tó ni idẹ, ló wá mú un níkẹyìn. Ẹ má fi ẹnu mi ṣe ìtàn.

Ó ku Ìyálóde tiwa. Lọ́dún tí àwọn aládùúgbò fi ìlù wa sùn, tí wọ́n ní a kò gbọdọ̀ lu bàtá nínú gbọ̀ngàn mọ́, àwa ọkùnrin ń bínú, a ń sọ pé a ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà kánsù. Ìyá ní kí a jókòó. Wọ́n kọ lẹ́tà mọ́kànlá. Mo mọ̀, nítorí èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á dúró lẹ́yìn mi, wọ́n á ní kí n yọ ọ̀rọ̀ ìbínú kúrò, wọ́n á tún ní kí n dá ọ̀kan padà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, wọ́n dá ìlù wa padà títí di aago mẹ́jọ alẹ́. Àwọn obìnrin tó ń dáná lẹ́yìn gbọ̀ngàn ló sọ Ìyá ní Afìwégbàlù, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ níbẹ̀, níbi tí àwa ọkùnrin kì í sábà dé. Lọ́jọ́ ọdún yẹn, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin wa níbi tó ti ń ru ìkòkò lọ síbi ìfọbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ti dá a dúró, ó ń kọ́ ọ ní orúkọ náà, ó ń gé e sí wẹ́wẹ́ fún un, ọmọ náà sì ń béèrè pé ìwé wo, ìlù wo.